Ìtẹ̀sẹ̀ Tí Wọ́n Wá Lábẹ́ Tábìlì Jẹ́ẹ́dé

Èmi Àwáwù, n kì í gba ohun tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí mi gbọ́. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ládùúgbò wa ní Ìsẹ́yìn pé bí òjò bá ṣú, n ó kọ́kọ́ bi í léèrè ẹni tó rán an wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Òwú ni mo ń tà, ọmọ ahunṣọ ni mí, ẹni tó bá sì ń ta òwú fún ahunṣọ gbọ́dọ̀ ní ojú lẹ́yìn orí. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi Jẹ́ẹ́dé ló jẹ́ kí n la ẹnu lónìí, torí àwọn tó ń gbé e kiri kò mọ ìdí rẹ̀, àwọn tó sì mọ ìdí rẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀.

Jẹ́ẹ́dé ni wọ́n bí lé mi. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn mi ló sì ti ń wo bàbá wa nídìí òfì. Nígbà tó dàgbà tó láti jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kò dìde mọ́. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń hunṣọ yóò rò pé ọwọ́ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Irọ́ ni. Igi méjì kan wà nísàlẹ̀ òfì tí à ń pè ní ìtẹ̀sẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá tẹ tirẹ̀, òwú kan gòkè. Bí ẹsẹ̀ òsì bá tẹ tirẹ̀, òwú kejì gòkè, ọwọ́ á wá ju ọ̀kọ̀, igi kékeré tó ń gbé òwú kọjá, láàárín wọn. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ahunṣọ kì í sinmi. Bó jókòó síbi ìsìnkú, bó jókòó sí mọ́ṣáláṣí tó ń gbọ́ wáàsí, ẹ wo ìsàlẹ̀ aṣọ rẹ̀, ẹ ó rí ẹsẹ̀ tó ń tẹ ọ̀tún, tó ń tẹ òsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí.

Ohun tí wọ́n mọ Jẹ́ẹ́dé sí nìyí: ẹnikẹ́ni kì í wọn aṣọ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ mọ bí ọjà aṣọ òkè ti rí. Àwọn oníbàárà tó ń ti Ìbàdàn àti Ìlọrin wá á na aṣọ náà mọ́ apá, láti orí ìka dé àyà, wọ́n á máa kà á, olówó á ní ó kù, ọlọ́jà á ní ó pé, wọ́n á jọ máa búra. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ Jẹ́ẹ́dé, wọn á kàn ní, ṣé tirẹ̀ ni, ẹ dì í. Bàbá wa ló fi ìyẹn sílẹ̀ fún un. Kò nílé tirẹ̀, kò ní mọ́tò, kò lọ sí Mẹ́kà. Ìyẹn ló ní.

Lẹ́yìn tí àwọn sójà tún gba ìjọba, nǹkan kò rọrùn mọ́. Léèsì ti kọ́kọ́ gba ọjà lọ́wọ́ wa nígbà tí owó epo pọ̀, àfi bí owó epo náà tún ṣe gbẹ, tí ẹni tó fẹ́ ra léèsì kò rí i rà, tí ẹni tó fẹ́ ra aṣọ òkè kò sì rí owó. Àárín ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan dé láti Ìbàdàn. Olúsọjí lorúkọ rẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgàdà, ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ló wà, ó sì di nǹkan kan bí kọ́bọ́ọ̀dù sẹ́yìn rẹ̀, ó fi tapólì bò ó.

Ó ní géèmù ni. Ẹ̀rọ tó ní ojú tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe pé kí o kàn máa wò ó. Ìwọ gan-an ni yóò máa fi ọwọ́ darí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní ní ìlú Japáànù àti Amẹ́ríkà, owó tí ẹ̀rọ yìí ń pa ti ju ti sinimá lọ, ó ti wà ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Èkó, tó bá fi máa tó ọdún mélòó kan sí i, kò ní sí ìlú tí kò ní sí. Ó ní òun kàn nílò yàrá kan tí kò jìnnà sí gáréèjì, àti ẹni tí ìlú fọkàn tán. Ó ní òun béèrè ní gáréèjì, Jẹ́ẹ́dé sì ni gbogbo ẹnu ń dárúkọ.

Ẹ ò rí i? Ibẹ̀ ni ara ti kọ́kọ́ fu mí. Ẹni tí ọjà rẹ̀ dáa, ọjà ló ń gbé wá. Ẹni tó bá ń wá orúkọ rere ẹlòmíràn kó tó gbé ọjà kalẹ̀, kí ló fẹ́ fi orúkọ náà bò mọ́lẹ̀? Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Jẹ́ẹ́dé. Ó ní òfì nìkan kò bọ́ ilé mọ́, pé àwa méjèèjì la jọ mọ̀ ọ́n. Òótọ́ sì ni.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sínú yàrá tí bàbá wa ti ń hunṣọ nígbà ayé rẹ̀. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sẹ́yìn ilé, wọ́n fi tábìlì kan sẹ́nu ọ̀nà fún Jẹ́ẹ́dé. Kọ́ìnì ló ń tà níbẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn kì í jẹ owó ìjọba. Idẹ pẹlẹbẹ kan ló ń jẹ, tó jẹ́ pé àfi kí o kọ́kọ́ fi owó gidi rà á. Mo gbé ọ̀kan dání, mo ní kí Olúsọjí bá mi fi ra iyọ̀ ní Ọjà Ọba kí n rí i. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, Ìyá, ibí yìí nìkan ló ti lówó lórí. Mo ní ẹ ṣé o, owó tó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń gbà á, kì í ṣe owó, ìjánu ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá ju kọ́ìnì sí i lẹ́nu, ojú ẹ̀rọ náà á dúdú bí òru, kòkòrò á máa tò sọ̀kalẹ̀ láti òkè ní ẹsẹẹsẹ, ìwọ yóò wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìbọn kékeré kan, o ó máa sá sọ́tùn-ún sósì, o ó máa yin wọ́n. Bí wọ́n bá fi lè kan ilẹ̀, ó parí. Kò sí ohun tó tún kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú mi báyìí, àgbàlagbà tó níyàwó nílé ń làágùn níwájú kòkòrò tí kò lè ta á. Àwọn ahunṣọ fi òfì sílẹ̀. Ọ̀sán tí ó yẹ kí n máa gbọ́ ìró ọ̀kọ̀ láti ìsọ̀ kan dé èkejì, ariwo kòkòrò ni mò ń gbọ́. Òwú mi sì jókòó sínú agbọ̀n, ó ń wò mí.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù lọ, bí ẹni ń ta ayò, ni Tíṣà Mákindé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, onígbàgbọ́, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Lákọ̀ọ́kọ́, kòkòrò ń pa á bí ó ti ń pa gbogbo wọn. Nígbà tó yá, bó bá ju kọ́ìnì kan ṣoṣo sí i lẹ́nu, àwọn tó ń dúró dè é á jókòó, wọ́n á jẹun, wọ́n á tún padà wá bá a níbẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn ará Kòmú àti Ìpàpó á gba ẹ̀yìn ilé wa wá wò ó. Inú Jẹ́ẹ́dé ń dùn. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bí ilé bàbá wa ti kún. Mo ní mo rí i, ó kún bí páńpẹ́.

Olúsọjí ni inú rẹ̀ kò dùn. Nígbà tó wá kó ohun tí ẹ̀rọ pa, tó rí i pé èrò pọ̀, àmọ́ kọ́ìnì kò pọ̀ bí èrò, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí gbogbo ènìyàn jáde, ó pa iná, ó ti ilẹ̀kùn. Èmi wà lójú fèrèsé níta, mò ń ká òwú, n kò sì lọ. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó ní kí Jẹ́ẹ́dé bá òun di tọ́ọ̀ṣì mú. Mo rí i kedere. Nǹkan funfun wínníwínní kan tò síbẹ̀ bí eyín ọmọdé, Olúsọjí mú igi ìṣáná, ó fi ti òmíràn sókè, ó fi ti òmíràn sísàlẹ̀, ó sì pa á dé.

Jẹ́ẹ́dé bi í pé kí lèyí tó ṣe yìí. Ohun tó sọ kò tíì kúrò létí mi dòní.

“Bọ̀dá Jẹ́ẹ́dé, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù ń jẹ wá run. A ò ní jẹ́ kó borí, a ò sì ní jẹ́ kó mọ̀ pé òun ò lè borí. Ẹni tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ló ń padà wá.”

Ó wá ń ṣàlàyé, inú rẹ̀ tún ti dùn. Ó ní kékeré lèyí, ẹ̀rọ yìí yóò máa sún kẹ́rẹ́ títí yóò fi wọ ilé kálukú, láti ibẹ̀ yóò bọ́ sí àpò, kálukú yóò máa ta á lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní nígbà yẹn ẹnikẹ́ni kò ní rí kọ́ìnì sójú mọ́, ṣùgbọ́n kọ́ìnì yóò máa já sílẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Kọ́bọ́ọ̀dù tí ọkùnrin mẹ́rin fi ìpọ́njú gbé wọlé, ta ni yóò fi sápò? Ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ kò jọ ti ẹni tó ń ṣàwàdà.

Láti ọjọ́ náà, kòkòrò yí padà. Wọn kò kàn sáré wá o, bí ẹni pé wọ́n mọ ibi tí Mákindé fẹ́ gbà ni. Á kù díẹ̀ kó parí wọn, wọ́n á bà lé e. Á ra kọ́ìnì míràn. Á tún kù díẹ̀. Owó àwọn tó ń ra kọ́ìnì kò gbẹ lórí tábìlì Jẹ́ẹ́dé mọ́, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ènìyàn ló wà nínú àpótí náà. Àwọn kan ní okùn ló so ó mọ́ Ìbàdàn. Mọ́nsúrù tó ń wa ọkọ̀ Ìsẹ́yìn sí Ṣakí ló wá sọ èyí tó wọ gbogbo wọn létí. Ó ní kí wọ́n gbójú kúrò lára ẹ̀rọ, kí wọ́n wo ẹsẹ̀ Jẹ́ẹ́dé lábẹ́ tábìlì.

Wọ́n wò ó. Ẹsẹ̀ Jẹ́ẹ́dé ń tẹ ọ̀tún, ó ń tẹ òsì. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Wọ́n ní ẹ rí i, bó ti tẹ̀ ẹ́ ni kòkòrò sọ̀kalẹ̀! Wọ́n ní ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ gbé òwú sókè láti kékeré, ṣé ó ṣòro fún un láti fi gbé kòkòrò? Ahunṣọ ni ìdajì àwọn tó ń sọ ọ́. Bí wọ́n ti dúró tí wọ́n ń nàka sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ tiwọn náà ń tẹ ọ̀tún, ó ń tẹ òsì lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo pariwo títí, mo ní ẹ wo ara yín! Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ẹni kì í rí ẹ̀bi àbúrò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n wọlé tòun ti ọkọ́. Wọ́n gbé tábìlì jù síta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wá okùn. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí, wọn kò rí okùn. Igi ni wọ́n rí. Igi ìtẹ̀sẹ̀ àtijọ́ kan tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀, tó ti wà nínú ilẹ̀ yẹn láti ìgbà tí bàbá wa ti ń hunṣọ níbẹ̀. Háà! Ariwo tó sọ. Mọ́nsúrù gbé e sókè kí gbogbo ìlú lè rí i. Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Tiwọn yàtọ̀: òkè ló wọ́, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ràmọ́nì, olórí àwọn ahunṣọ ní ìsọ̀ wa, ọ̀rẹ́ bàbá wa. Àgbà tó mọ̀rọ̀ ni. Ní ìsọ̀ wa, ẹni tí a bá fura sí kì í jà, kì í ṣàlàyé. Yóò gbé ọwọ́ lé òfì rẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́, yóò ní bí òun bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà, kí òwú máa já mọ́ òun lọ́wọ́. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó tán. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Bàbá Ràmọ́nì wo igi ikán yẹn, ó wo Jẹ́ẹ́dé, mo sì mọ̀ pé kò gba ọ̀rọ̀ ìtẹ̀sẹ̀ gbọ́. Ó dọ́gbọ́n sí ìbéèrè rẹ̀, kí ara lè tu ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò bi í nípa ẹ̀rọ. Ó ní, ṣé ẹsẹ̀ rẹ ló ń lé kòkòrò mọ́ wọn? Ọkàn mi balẹ̀. Ó kàn fẹ́ kó ní rárá ni, òótọ́ sì ni, aṣọ rẹ̀ á sì máa lọ láìwọ̀n bí ti tẹ́lẹ̀.

Jẹ́ẹ́dé gbé ọwọ́ lé òfì. Ó wá gbé ọwọ́ náà kúrò.

“Bàbá, ẹsẹ̀ mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ti rẹ́ wọn jẹ, èmi ni mo sì di tọ́ọ̀ṣì mú.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, eyín funfun wọ̀nyẹn, igi ìṣáná, ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ borí. Ó ní òun ti fẹ́ sọ ọ́, òun ń sọ pé lọ́la, lọ́la. Bàbá Ràmọ́nì bojú wolẹ̀. Inú bí mi débi pé bí mo ti délé ni mo já lù ú. Mo ní ta ló bi ọ́ nípa tọ́ọ̀ṣì? Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ni wọ́n ní kí n gbé lé òfì. Ọwọ́ yẹn náà ni.”

Olúsọjí wá kó ẹ̀rọ rẹ̀. Mo rò pé yóò bínú, kò bínú rárá. Ó ní Ṣakí ni òun ń gbé e lọ, ó sì ní kí a má ṣèyọnu, àwọn tó ń ta á yóò tọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀. Mo ṣépè fún un lọ́kàn mi. Ta ni yóò wọkọ̀ tọ ohun tó rẹ́ ẹ jẹ lọ?

Ẹ gbà mí o. Kí oṣù tó yí, ọkọ̀ Mọ́nsúrù ti ń kún lọ sí Ṣakí ní gbogbo Sátidé. Mọ́nsúrù tó gbé igi ìtẹ̀sẹ̀ sókè ló ń pe èrò! Iwájú ọkọ̀ ni Tíṣà Mákindé máa ń jókòó sí. Wọn kò sì gbàgbé ohun tí Jẹ́ẹ́dé sọ. Òun ni wọ́n ń sọ lójú ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn ti wá mọ àṣírí rẹ̀ báyìí, kò lè tan àwọn mọ́, ó ku díẹ̀ kí àwọn borí.

Jẹ́ẹ́dé padà sídìí òfì. Ó dí kòtò tí wọ́n gbẹ́, ó gbé òfì sí ojú rẹ̀ gan-an. Ó ń hunṣọ, aṣọ náà ń jókòó. Àwọn oníbàárà á dúró díẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n á béèrè àlàáfíà, wọ́n á kọjá lọ sí ìsọ̀ kejì. Òótọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra irọ́.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni Mákindé yà sọ́dọ̀ wa. Ó fẹ́ gbé Àyìnkẹ́ níyàwó, nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù, àwọn ẹbí sì ní aṣọ Ìsẹ́yìn ni kí ìyàwó ró. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀. Mo ní ẹ wò ó, ojú ti tì í, ó ti rántí ẹni tó sọ òótọ́ fún un. Ó kí wa dáadáa. Ó yan aṣọ. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò, kọ́ìnì idẹ ń dún níbẹ̀, mo gbọ́ ọ, ó fa téèpù àwọn télọ̀ yọ.

Láti ìgbà bàbá wa, n kò rí i kí ẹnikẹ́ni na téèpù sára aṣọ ilé wa rí. Mo fẹ́ dìde kí n já a gbà. Jẹ́ẹ́dé wò mí, mo jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló bá Mákindé di etí aṣọ mú, ó dì í gírígírí bí ó ti di tọ́ọ̀ṣì mú lọ́jọ́sí, Mákindé ń fa téèpù lọ, ẹnu rẹ̀ ń kà.

Ohun kan wà tí àwọn oníbàárà kò mọ̀, nítorí wọn kì í wọ̀n ọ́n. Bàbá wa kọ́ Jẹ́ẹ́dé pé bí aṣọ bá pé, kó má tíì gé e. Kó hun díẹ̀ sí i, fún ojú tó lè ṣì. Kò gé e rí láìṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mákindé kà á dé ibi tó yẹ kó parí sí. Aṣọ ṣì ṣẹ́ kù.

Mo ń wò ó. Mo ní báyìí ni yóò tọrọ àforíjì. Ó wo téèpù, ó wo Jẹ́ẹ́dé, ó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ojú tí à ń fi wo ẹni tó fẹ́ rẹ́ni jẹ. Mo dìde, mo kọrí sẹ́yìn ilé.

Bí mo ti bojú wẹ̀yìn, Mákindé ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ, ó tún ń wọ̀n ọ́n.